Dáṣíbọ́ọ̀dù Tí Kò Ní Ihò

Ní ìlú Española níbí, níbi tí a ti ń fi ọkọ̀ ṣe fújà, bí o bá fẹ́ bú ọkùnrin, má wulẹ̀ dárúkọ ìyá rẹ̀. Sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ rí wúruwùru. Ní ìfihàn ọkọ̀ ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi Delfín ki orí bọ inú píkọ́ọ̀pù mi, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ní, "Anselmo, ṣé ọkọ̀ lèyí àbí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá jà?" Gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò gbàgbé.

Nígbà tí òtútù dé, mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù náà, mo gbé e sórí tábìlì nínú gáréèjì, mo pinnu pé n ó dí gbogbo ihò rẹ̀ pa. Mo yọ redíò. Mo dí ihò atẹ́gùn. Irin tí èrò máa ń dì mú lápá ọ̀tún, mo gé e dànù. Mo tún yọ dúrọ́ọ̀ kékeré tó wà níwájú ìjókòó èrò. Rọ́bà ìdìrun mẹ́ta wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú awò òòrùn àti súìtì aláta kan tó ti lẹ̀ mọ́ bébà. Ti Marisela ọmọ mi ni gbogbo rẹ̀. Mo kó wọn sínú páálí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Marisela. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sí Albuquerque. Bí a bá jókòó nínú ilé, èmi àti ọmọ yìí kì í rí ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, yóò wá, a ó jọ wa píkọ́ọ̀pù náà lọ́ra lọ́ra títí dé pápá ìfihàn, ẹnu rẹ̀ kò sì ní í sinmi. Ọjọ́ kan yẹn ni mo fi ń gbé ọdún já. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ọkọ̀ náà yà á lẹ́nu.

Iṣẹ́ fáíbà, aṣọ oníhun gíláàsì tí a ń fi oje mú gan, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo na aṣọ bo àwọn ihò náà, mo po oje olóòórùn rẹ̀ mọ́ oògùn tí ń mú un gan, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Mo tẹ́ fáíbà lé e, mo tún kùn ún. Nígbà tó gbẹ, mo fi sáńpépà ha á, mo tún tẹ́ òmíràn. Eruku rẹ̀ a máa yún ara bí wèrèpè. Ẹ̀yìn ń yún mi, kò sí ẹni tí yóò bá mi họ ọ́. Ẹ̀wà inú agolo ni mo ń jẹ lórí ìdúró. N kò ní purọ́ fún yín, ìdánìkanwà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo sì ń fi sáńpépà lé e lọ.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo fín ọ̀dà sí i tán, tí mo dá a padà sínú ọkọ̀, bí mo bá fọwọ́ rá a láti ilẹ̀kùn òsì dé ilẹ̀kùn ọ̀tún, kò sí ohun tó ń dá ọwọ́ mi dúró.

Ìyá Marisela já a sílẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Marisela wọnú ọkọ̀, ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè síbi irin, kò bá nǹkan kan. Ó lọ síbi redíò, kò bá nǹkan kan. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Ó rẹwà o, Dádì."

"Ṣé o rí i? Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo àfonífojì yìí."

"Redíò ńkọ́?"

"Kí la fẹ́ fi redíò ṣe? Ìró ẹ́ńjìnnì tó wa."

"Àwọn ìdìrun mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú páálí."

Ó mi orí. Ó ń wo iwájú bí àlejò tí kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé.

"Dádì, ẹ máa lọ. Mọ́mì ò tíì lọ, màá bá wọn padà. Mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé tí mi ò tíì ṣe."

Agídí kò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo ní kò burú. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo dá lọ. Èmi ni mo gba ipò kìíní. Obìnrin tó ń dájọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ rá dáṣíbọ́ọ̀dù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó mọ́ tónítóní. Bíi pé ènìyàn ò jókòó síbí rí." Ó fi yìn mí ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Delfín súnmọ́ mi. "Marisela dà?"

"Ó ti bá ìyá ẹ̀ lọ."

Ó wo ìjókòó èrò, ó wo iwájú rẹ̀. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Ó yá, gbé ife ẹ̀yẹ ẹ, máa lọ."

Nígbà tí mo délé, mo mú pẹ́ńsùlù àti ayùn. Mo fẹ́ lu ihò sí i, kí n fi irin mìíràn síbẹ̀. Mi ò rántí ibi tí irin náà wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń wa ọkọ̀ yìí, n kò jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ rí. Mo yí lọ síbẹ̀, mo jókòó, mo na ọwọ́. Apá tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ. Mo pè é.

"Marisela, níbo lọwọ́ ẹ máa ń dé tó o bá fẹ́ di irin yẹn mú?"

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gé e."

"Ṣebí ẹ gba ipò kìíní."

"Mo fẹ́ gé e."

"Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, Dádì. Àfi kí n jókòó síbẹ̀."

"Ìgbà wo lo máa wá?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ keje rèé. N kò tíì gé ohunkóhun. N kò mọ ibi tí ọwọ́ ọmọ mi ń dé.