Catherine Nínú Ọpọ́n Ìwẹ̀

Kí ó yé gbogbo ènìyàn: èmi kọ́ ni mo sọ eku ní Catherine. Tòun torúkọ rẹ̀ ni ó wọlé wá. Ọmọ ará Lẹ́bánónì kan, ọ̀rẹ́ Àánú ọmọ mi ní iléèwé, ni ó ni ín. Nígbà tí àwọn òbí ọmọ náà ń kó kúrò ní Monrovia, wọ́n gbé eku náà fún Àánú pẹ̀lú kéèjì, oúnjẹ àti kẹ̀kẹ́ kékeré tí eku náà máa ń sáré nínú rẹ̀ lójú kan. Bẹ́ẹ̀, Catherine ni orúkọ ìsàmì ìyá ọkọ mi. Bí Màmá bá pè wá láti Abẹ́òkúta, tí Àánú sì kígbe láti yàrá pé Catherine ti tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo máa ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ.

Hámsítà ni wọ́n ń pè é. Níran ọkọ mi ní kí n yéé pè é ní eku. Mo ní kí ó fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn mí. Ó ní kò ní ìrù gígùn. Mo ní eku tí kò ní ìrù gígùn ni, nìyẹn.

Ohun tí ó pa mí lẹ́nu mọ́ ni Àánú fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ẹnjiníà Níran ti gbé wa wá sí orílẹ̀-èdè yìí ni ọmọ náà ti dákẹ́. Bí ó bá ti iléèwé dé, á dùbúlẹ̀, á kọjú sí ògiri. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó ní ni ìgbà tí a máa padà sílé. Ó dùn mí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Lọ́jọ́ tí Catherine kó ẹ̀pà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì títí ojú rẹ̀ fi dà bí ti ẹni tó ń fun fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Àánú bú sẹ́rìn-ín débi pé mo sáré jáde láti kíṣìnì. Ọjọ́ náà ni mo gbà kí eku máa bá mi gbé.

Àmọ́ ẹranko yìí kò fẹ́ jókòó sínú kéèjì. Àánú kà á fún mi pé tí kò bá rí ibi sáré, inú rẹ̀ ò ní dùn. A kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní pálọ̀. Ó wọ ẹ̀yìn fírísà lọ. Níran fi ẹ̀yìn tí ó ń dùn ún gbé fírísà kúrò, ológbò àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ti ti imú bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí a rí Catherine, Níran fi ọwọ́ sí ìbàdí, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ ètò.

Ètò rẹ̀ ni ọpọ́n ìwẹ̀. Ilé àtijọ́ ni ilé tí a ń gbé ní Jallah Town, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a wà, ọpọ́n ìwẹ̀ onírin ńlá sì wà ní balùwẹ̀ wa láti ayé ìgbà tí omi ń yọ lójoojúmọ́. Korobá ni àwa fi ń wẹ̀ ní tiwa. Ìgbálẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì ni a ń kó sínú ọpọ́n. Níran fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, ó ń yọ̀, Catherine ò lè gùn ún. Ó tẹ́ tówẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa yọ̀. Ó kó páálí inú tíṣù sí i kí ó máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ó tún ju ẹsẹ̀ kan nínú sílípáàsì rọ́bà rẹ̀ tó ti gbó sí i, nítorí Catherine fẹ́ràn láti máa jẹ etí rẹ̀. Mo bínú sí sílípáàsì yẹn gan-an. Ìgbà mélòó ni mo jù ú síta tí Níran tún lọ gbé e wọlé.

Ihò tí omi ń gbà jáde ni ó ba Níran lẹ́rù jù. Ó ní ẹsẹ̀ Catherine lè há síbẹ̀. Ó gé fóòmù, ó fi rọ́bà wé e, ó dí ihò náà pinpin. Lẹ́yìn náà ló kó wa jọ, ó ka òfin fún wa: kí á ti ilẹ̀kùn nítorí ológbò, kí á máa wo ibi tí a ń tẹ̀, kí ẹnì kan sì jókòó tì í ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀rọ omi wá ńkọ́? Ní àdúgbò wa, ìgbà tí ó bá wu omi ni ó ń yọ. Ọ̀sẹ̀ lè gorí ọ̀sẹ̀ tí a ó máa ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń ti gálọ́ọ̀nù kiri. Nítorí náà, gbogbo ilé ló máa ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ bí omi bá dé. Ṣíṣí ni tiwa wà, lókè ọpọ́n gan-an. Kò sí ẹni tó wo ẹ̀rọ yẹn kó tún wo ihò tí a dí, títí kan ẹnjiníà wa.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, Níran gbé Àánú lọ sí ìgbáradì àwọn akọrin. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ Catherine máa ń yá, nítorí náà èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Àánú padà wá sí ẹnu ọ̀nà.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Catherine nìkan sílẹ̀."

Mo ní ṣé mo fi ìwọ nìkan sílẹ̀ rí ni. Mo gbé àpótí, mo jókòó, mo ń ṣa ẹ̀wà. Catherine ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Mo ju ẹ̀wà kan sí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Mo bú u díẹ̀. Ká sòótọ́, ara mi balẹ̀.

Ìgbà náà ni Ma Musu, aládùúgbò wa ní ìsàlẹ̀, figbe ta: "Water come-oh! My people, water come!"

Ẹni tí kò bá tíì fowó ra omi fi fọ aṣọ ọmọ kò ní mọ ohun tí igbe yẹn ń ṣe ní àyà ènìyàn. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ni omi máa ń kọ́kọ́ dé. Nígbà mìíràn wọ́n á ti pa á kí ó tó gòkè. Mo kó korobá, mo kó kẹ́ẹ̀gì. Mo rántí ológbò, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dáadáa, mo tún yin ara mi pé mo pa òfin mọ́.

Ní ìsàlẹ̀, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ kan fẹ́ fi korobá rẹ̀ ṣáájú tèmi. Mo sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, mo sì dúró sí ìdí ẹ̀rọ títí tèmi fi kún. Mo ti fẹ́ gbé e nígbà tí Ma Musu wo fèrèsé wa, ó rẹ́rìn-ín.

"You blessed today. It even reach upstairs."

Mo tẹ́tí sílẹ̀. Omi ń dà lókè lóòótọ́. Kì í ṣe ìró omi tó ń bọ́ sórí irin. Ìró omi tó ń bọ́ sínú omi ni.

Mo ju korobá sílẹ̀. Lásìkò náà gan-an ni ọkọ̀ Níran wọlé, Àánú sì ń juwọ́ sí mi láti inú rẹ̀. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo fi orúnkún tó ń dùn mí gun àtẹ̀gùn bí ọmọdé, mò ń pariwo "Catherine, Catherine," gbogbo kọ́mpáùnd sì ń gbọ́ bí mo ṣe ń pe orúkọ ìyá ọkọ mi.

Ọpọ́n ti kún dé ìdajì. Páálí tíṣù ti rọ̀, ó ń léfòó káàkiri. Mi ò rí Catherine. Mo tún wò, mo sì rí sílípáàsì Níran ní igun, ó ń mì lórí omi, nǹkan kékeré kan sì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, ó tutù rinrin.

Tèmi ti ìró ìdí mi ni mo wọ inú omi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì kó o. Ó gé mi níka jẹ, ó sì dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mi ò jù ú sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fa gèlè orí mi, mo fi nù ún, mo fi wé e, mo gbé e mọ́ àyà, mo sì ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Bí mo ṣe yíjú ni mo rí Àánú ní ẹnu ọ̀nà. Ó wọ inú omi wá bá wa tòun ti aṣọ akọrin.

Nígbà tí Catherine ti gbẹ, tí ó ti ń jẹ ẹ̀pà, èmi àti Níran wá jà. Ó ní ta ló ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí ẹranko. Mo ní ta ló ń dí ọ̀nà omi. Ó ní òun á dá ihò kéékèèké sára fóòmù náà, ó tilẹ̀ ti ń wá bírò tí òun máa fi yà á. Mo ní kí ó máa yà á lọ. Omi ti dá lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo dìde, mo lọ pa á pinpin. Mo tún fọ sílípáàsì, mo gbé e padà sínú ọpọ́n.

Omi tún yọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. A wà nílé, à ń jẹun, a ò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo kọ́mpáùnd ló pọnmi kún dírọ́ọ̀mù, àyàfi àwa. Lọ́jọ́ kejì, Ma Musu gbé korobá omi kan gòkè wá fún mi. Ó ní kí ló dé tí a ń pa ẹ̀rọ wa bí ẹni tó ní kànga.

Mo dúpẹ́, mo gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé a ní ọmọ kékeré nílé.