Ọwọ́ Òsì Fi Íńṣì Méjì Kúrú

Ẹ̀rù máa ń bà mí. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọni ni mí. Ẹ̀rù Alága ń bà mí. Ẹ̀rù pé wọ́n lè lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, èmi ni mo ṣe é, n kò sì ní sọ pé èmi kọ́.

Jọláyẹmí ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Sama Road, ní Sókótó. Alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Zumunta ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wà. Ìlọrin ni bàbá wọn ti wá, ṣùgbọ́n Sókótó ni wọ́n bí wọn sí. Bí wọ́n bá wúkọ́, gbogbo àdúgbò wa ní Gagi á ní pẹ̀lẹ́.

Lásìkò yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án léraléra ni wọ́n ti na Zumunta. Kóòṣì tó wà ńbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Gusau, kò dágbére fún ẹnì kankan. Ta ni yóò gbapò rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn nìyẹn. Abẹ́ àtíbàbà Ọ̀ṣẹ́nì fọkanáísà, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, ni wọ́n ti ń jà á.

"Àmínù ni," Ọ̀ṣẹ́nì wí, ó ń fi irin yọ táyà. "Òun ni igbákejì. Òun ló ń bá wọn sáré láràárọ̀. Ta ló tún kù?"

"Àmínù tó máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù?" Lísì onídìrí ló dá a lóhùn láti ìsọ̀ tiẹ̀. "Ẹ̀yin ń pè é ní kóòṣì, èmi ń pè é ní ìyá ìyàwó. Òyìnbó ni wọ́n ń mú bọ̀. Bí kì í bá ṣe òyìnbó, ẹ wá fá orí mi."

"Haba, Lísì! Òyìnbó wo ni oòrùn Sókótó ò ní yan gbẹ?"

Hassan rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá tó fi ń rìn fi ṣubú. Òun ló ń bá Ọ̀ṣẹ́nì lẹ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ tó bá ti jò. Tẹ́lẹ̀, òun ni nọ́ńbà méje wọn.

"Ẹ bi Bàbá Télọ̀," ó ní. "Àwọn ni wọ́n ń rán aṣọ kóòṣì."

Òótọ́ ni. Ní Zumunta, wọn kì í mú kóòṣì tuntun jáde láìfi kàfùtáànì aláwọ̀ ewé wọ̀ ọ́. Èmi ni mo sì ń rán an.

"Wọn ò tíì gbé aṣọ wá," mo ní. Irọ́ kọ́, lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Àtàláátà, Alága fúnra wọn wọlé. Wọ́n gbé aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì, wọ́n fi bébà kékeré kan lé e.

"Kò sí orúkọ lórí ẹ̀. Má bèèrè. Láàárọ̀ Jímọ̀, àwọn ọmọ máa fọwọ́ síwèé ọdún méjì. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó lè lọ mọ́. Ìgbà yẹn la máa tó mú kóòṣì jáde. Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, sà."

"Bí mo bá gbọ́ nǹkan kan níta, ìwọ ni. O sì mọ ẹni tó ni ilé yìí."

Wọ́n jáde. Mo gbé bébà náà. Àyà, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ikùn, àádọ́ta. Apá ọ̀tún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Apá òsì, mẹ́tàlélógún.

Mo jókòó.

Alága ò mọ iṣẹ́ wa. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti yọ orúkọ kúrò, àwọn ti fi èèyàn pa mọ́. Télọ̀ lè gbàgbé ojú. Ó lè gbàgbé orúkọ. Ṣùgbọ́n apá tó fi íńṣì méjì kúrú sí èkejì rẹ̀... ẹnì kan ṣoṣo ni mo rán irú ẹ̀ fún rí. Gbádéyan ni. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dá nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, kò sì nà tán mọ́. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo rán tiẹ̀, nígbà tó jẹ́ kóòṣì níbí.

Gbádéyan yìí ló dá Hassan padà sórí pápá nígbà tí orúnkún ọmọ náà ti wú bí àgbọn. Ó ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kó má ṣojo. Orúnkún náà ò san mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n lé Gbádéyan, Alága sọ fún gbogbo wa pé kò ní tẹ pápá wa mọ́ láéláé. Alága kan náà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ náà, mo nù ún kúrò. Mo gbé àlùmọ́gàjí, mo gbé e sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ara oníbàárà, inú téèpù ni kó kú sí. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe torí ọ̀gá mi ni mo ṣe dákẹ́.

Lọ́sàn-án Alàmísì, Rídwàn gbé bọ́ọ̀lù tó jò wá sọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì. Òun ni aṣọ́lé wọn, òun náà ni olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù.

"Lọ́la la ó fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú, a ó gbà á."

Hassan ló ń lẹ bọ́ọ̀lù náà fún un. Ó ń fi gọ́ọ̀mù pa á, ó ń súfèé.

Mo sọdá títì. N kò mọ bí mo ṣe sọdá.

"Gbádéyan ni," mo ní.

Súfèé náà dúró.

"Bàbá Télọ̀," Hassan ní, "ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Wọ́n fún mi ní ìwọ̀n. Ọwọ́ òsì fi íńṣì méjì kúrú."

Hassan gbé bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. "Ọwọ́ yẹn ló fi tì mí wọ pápá," ó ní.

"Wallahi?" Ọ̀ṣẹ́nì ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Rídwàn kọjú sí mi. "Bàbá, ṣé ẹ lè sọ ọ́ lójú Alága?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. "Mo lè sọ ọ́."

"Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n!" Lísì ti dé ọ̀dọ̀ wa. "Bàbá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ má wó lù wá."

"N kò ní jókòó."

Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi gba ẹ̀rọ ìránṣọ kan," ó ní.

Láàárọ̀ Jímọ̀, wọ́n gbé tábìlì sí pápá Gagi. Ìwé wà lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ náà tò, Àmínù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo gbé aṣọ náà wá bí wọ́n ṣe gbé e fún mi.

"Ó ti ṣe tán?" Alága bèèrè.

"N kò gé e, sà. N kò ní rán an."

Ohùn mi kéré. Wọ́n ní kí ni mo wí. Mo tún un sọ, ó sókè díẹ̀.

"Mo ní Gbádéyan ló ni ìwọ̀n yẹn. N kò ní rán aṣọ fún un. Mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ."

Alága rọra bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Òní yìí lo máa kó ẹrù ẹ jáde."

"Mo ti kó o jáde, sà. Láti ìdájí."

Wọ́n yíjú kúrò lára mi. "Ọ̀rọ̀ télọ̀ lẹ máa gbọ́? Ẹ ò tíì rí ẹni tó ń fi ẹnu wá oúnjẹ rí? Ẹ wá fọwọ́ síwèé!"

Rídwàn jáde síwájú. Ó mú bírò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Alága.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ kọ orúkọ kóòṣì sókè ìwé yẹn ná. Bí a bá ti rí i, a ó kọ tiwa."

Alága gba bírò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kọ ọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí Hassan tó ti rọra rìn wọlé, ó dúró síbi òpó ilé góólù. Wọ́n wò ó. Òun náà ń wò wọ́n.

Wọ́n ki bírò bọ àpò, wọ́n kó ìwé wọn nílẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ ẹ̀ ní gbá bọ́ọ̀lù kankan fún mi lọ́dún yìí!"

"A ò ní gbá, sà," Rídwàn ní.

Mọ́tò Alága rú eruku lọ. N kò mọ ẹni tí yóò ṣe kóòṣì, títí dòní a ṣì ń jà á. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn Àmínù fọn fèrè rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sáré," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí pápá. Mo dúró, mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú mi. Mọ́kàndínlógún. Gbogbo wọn pé.