Ọ̀run Tó Ń Ru Bí Omi

"Bàbá mi, ẹ dẹwọ́ eré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i yà!"

Awakọ̀ ojú omi náà dẹwọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ọmọbìnrin rẹ̀ yìí, pàápàá látìgbà tó ti di ayàwòrán, tí kámẹ́rà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lókè náà sì ju wíwò lọ. Ìkùukùu ń ru gùdù, ìgbì lórí ìgbì, àfi bíi pé wọ́n da odò dojú dé sórí wọn. Abẹ́ rẹ̀ dúdú bí aró. Atẹ́gùn ò fẹ́. Ẹyẹ ò fò.

Gbogbo èrò dìde, fóònù lọ́wọ́, wọ́n rọ́ lọ sẹ́yìn ọmọbìnrin náà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo.

"Yéè, ẹ wo iṣẹ́ Olúwa!" obìnrin kan tó pọnmọ ké.

"Bọ̀dá onífìlà, ẹ sún díẹ̀, orí yín ti bo gbogbo ọ̀run!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ fì.

"Ẹ jókòó! Mo ní kẹ́ ẹ jókòó o!" awakọ̀ kígbe. Ta ló máa gbọ́? Omi ti ń lá etí ọkọ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán, ìlà funfun kan ń bọ̀ tààrà lójú odò. Ìjì ni.

"Ọmọ mi," awakọ̀ pè. "Omi ń wọlé."

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí ọ̀run, ó kọjú kámẹ́rà sí àwọn èrò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ ya gbogbo yín pọ̀! Kálukú padà sáyè ẹ̀, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá dìde ló ba fọ́tò jẹ́ o! Màmá, ẹ gbọ́mọ sítan, ká rójú ẹ̀."

Wọ́n jókòó, wọ́n ń tún aṣọ ṣe. Díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ dọ́gba.

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìjì dé. Ó gbá ọkọ̀ bí ẹni gbá ọmọ létí. Omi rọ́ bò wọ́n, igbe sọ.

"Ẹ di àga mú!" ọmọbìnrin náà kígbe. "Ẹ má dìde o!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Awakọ̀ kọrí ọkọ̀ sí ìgbì, kò wẹ̀yìn títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Èrò sọ̀kalẹ̀, aṣọ wọn rin gbingbin, gbogbo wọn pé. Awakọ̀ mú okùn láti so ọkọ̀, ṣùgbọ́n okùn ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo dẹwọ́ eré," ó wí.

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dẹwọ́, bàbá mi."

Ọmọbìnrin náà gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì so ọkọ̀ mọ́ òpó.