Ààrò Ẹran Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Èéfín ló kọ́kọ́ kí wọlé-wọlé káàbọ̀, kí onílé tó yọjú. Obìnrin náà fi etí ìborùn bo imú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò onírin kan tó ga jù ú lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ìjọba ìbílẹ̀ ló rán mi."

"Ẹ pariwo sí i! Òòlù ti jẹ etí mi tán."

Kí ó tó tún un sọ, bàbá ti ṣí ilẹ̀kùn ààrò. Háà! Itan ẹran so rọ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ó pọ́n bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ọ̀rá ń kán tótó sórí ẹyin iná. Wọlé-wọlé lanu, kò lè pa á dé.

"Ọmọbìnrin mi ń bọ̀ wálé lónìí," bàbá wí. "Ó ti pẹ́ tí ojú wa ti ríra. Ìyá rẹ̀ ló máa ń yan irú èyí fún un nígbà ayé rẹ̀."

Wọlé-wọlé gbé ohùn sókè, ó ka òfin sí i létí: ẹni tó bá ń yan ẹran nílé gbọ́dọ̀ gbé ààrò jìnnà sí ògiri aládùúgbò, èéfín kò sì gbọdọ̀ wọ yàrá ẹlòmíì. Ti bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri. Ìyáàfin tíṣà tó ń gbé lódìkejì ti fẹjọ́ sùn.

"Nínú ilé mi? Ilẹ̀ tí mo fi òógùn ojú mi rà? Ẹ jẹ́ kó jinná ná, kí ẹ wá tì í pa lọ́la!"

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ wọlé-wọlé létí. Ta ni yóò ba irú ẹran yìí jẹ́? Ibi tó ti ń rò ó ni ikọ́ ti bú jáde lódìkejì ògiri, ikọ́ ọmọdé, tó ń fa èémí ya bí aṣọ. Ó wo bàbá. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Ìgbà yẹn ló yé e: bàbá kò gbọ́ ọ. Kò gbọ́ ọ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílé tíṣà."

Tíṣà ṣílẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin rọ̀ mọ́ ọn léjìká. Bàbá wo ọmọ náà títí, ó wá na ọwọ́ rẹ̀ tó le bí èèpo igi, ó rọra gbé e lé e lẹ́yìn. Ọmọ náà wúkọ́. Ikọ́ náà mi àtẹ́lẹwọ́ bàbá. Ọmọ tún wúkọ́. Bàbá dijú, bí ẹni tó ń wá ibi tí irin ti sán.

"Ṣé èmi ni mo ń ṣe èyí?"

"Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀, Bàbá," tíṣà fèsì sókè. "Àyà rẹ̀ ni kò gba èéfín."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n wọlé-wọlé mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àgbà ló ń rántí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹran bá wà lórí iná. Ó ń retí àwáwí. Bàbá padà sílé, ó pọn omi kún garawa, ó sì dà á sínú ààrò. Ṣàáà! Ooru funfun gbé e mì. Nígbà tí ooru náà pòórá, ẹran ṣì so rọ̀ níbẹ̀, kò tíì jinná dé egungun, omi ń ṣàn lára rẹ̀.

Àgádágodo tí wọlé-wọlé mú wá láti fi ti ààrò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí pé òun mú un dání.

"Ikọ́ náà ti dákẹ́?" bàbá bèèrè.

Obìnrin náà sún mọ́ ògiri. Ikọ́ kan jáde, fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́, àfi ohùn ìyá tó ń tu ọmọ rẹ̀ nínú. Ó mi orí sí bàbá pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò kúrò lára ògiri. Ó ti wọ ilé onílé kọjá òǹkà láyé rẹ̀. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró tẹ́tí sí ọ̀kan.