Orí Ẹja Inú Òkúta

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí ẹja yẹn ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n pa ẹ̀rọ tó fi ń dán òkúta. Ó nu ẹrẹ̀ funfun kúrò lọ́wọ́, ó wá rọra gbá òkúta tó wà lórí tábìlì bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn. "Òun nìyí. Wò ó bó ṣe ń kọ mànà! O lè rí ojú rẹ nínú ẹ̀."

Abẹ́rẹ́, àbúrò rẹ̀, wò ó. Ojú ara rẹ̀ ló rí lóòótọ́. Kò rí ẹja.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ ló fi ń yọ òkúta díẹ̀díẹ̀ kúrò lára egungun ẹja tó ti kú kí ènìyàn tó délé ayé. Bàbá wọn, afọ́kùúta, ló rí ẹja yìí nínú òkúta kan tó fọ́. Òkúta náà là sí méjì bí ìwé tí a ṣí: ìrù pẹ̀lú lẹbẹ rẹ̀ wà lójú ewé kan, orí àti eyín wà lójú ewé kejì. Bàbá a sì máa kì í pé, "Alúwẹ̀ẹ́-láìlómi, abìpẹ́ bí ẹ̀wù olóyè, odò gbẹ, ìwọ ò gbẹ!" Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, àbúrò mú ìrù, ẹ̀gbọ́n mú orí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìí ni ọ̀gá Abẹ́rẹ́ sọ fún un pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò tíì sí nínú ìwé kankan. Bí orí bá ti dé, orúkọ bàbá ni wọn yóò fi sọ ọ́, títí ayé.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́?"

"Òkúta ibojì bàbá ni mò ń ṣe! Ta ló ń gbé òkúta ṣákiṣàki lé bàbá ẹ̀ lórí? Kò sí òkúta tó wọ ṣọ́ọ̀bù yìí tí a kì í dán."

"Lọ́jọ́ tá a pín in, mo ní kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e. Ẹ ní ta ló ń wé òkúta bí ọmọ tuntun. Ẹ ní ẹ̀yin ni àkọ́bí."

"Ṣé irọ́ ni? Àbí ìwọ ni àkọ́bí?"

'Olúwa, ṣọ́ ẹnu mi,' ni Abẹ́rẹ́ gbà ládùúrà nínú ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. O mọṣẹ́. Fi sìmẹ́ńtì funfun mọ orí mìíràn sí ìrù tó wà lọ́dọ̀ rẹ, kó o kùn ún. Ta ló máa mọ̀? Àbí ẹja yẹn máa dìde wá jẹ́rìí ni?"

Abẹ́rẹ́ lè ṣe é. Láti kékeré ló ti mọ orí yẹn, eyín kọ̀ọ̀kan ò ṣàjèjì sí i. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

"Orúkọ bàbá lẹ ní kí n lẹ̀ mọ́ irọ́?"

"Orúkọ bàbá ni mo ní kó o gbà là!"

Abẹ́rẹ́ mú fóònù, ó pe ọ̀gá rẹ̀ níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Orí ẹja yẹn ò sí mọ́. Ẹ̀rọ ti lọ̀ ọ́ dànù. Rárá, sà, kò ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá tún rí irú ẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ tó bá wù ú."

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpò iyanrìn. "O ti sin bàbá lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Kò dágbére.