Àwọn Lẹ́tà Corey

"Kí la fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe?" Duane bi ìyàwó rẹ̀. "Ogójì ọdún ni àpótí lẹ́tà wa ti wà létí títì. Ta ló jí nǹkan níbẹ̀ rí?"

"Wọ́n ti ń jí i báyìí." Arlys ń de àpótí onírin tuntun náà mọ́ orí òpó. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Bàbá Hofstad aládùúgbò wa, inú àpótí tiwọn ni wọ́n ti jí i lóṣù tó kọjá."

Duane kẹ́yìn sí i. Ó wọ inú abà tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ó di oṣù mẹ́jọ tí Corey, ọmọkùnrin wọn, ti wà lẹ́wọ̀n. Ó mutí yó, ó wakọ̀ kọlu igi, Janelle àbúrò rẹ̀ tó jókòó tì í sì kú lójú ẹsẹ̀. Látìgbà náà, nǹkan kan ò dun Arlys mọ́, nǹkan kan ò sì dùn mọ́ ọn. Á jí, á fọ abọ́, á sùn. Ó ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Corey, ó bi í bóyá ó fẹ́ kí òun wá wò ó. Èsì kankan ò dé. Ó gbà pé ọmọ náà ò fẹ́ rí òun.

Ọkọ̀ Roxanne, obìnrin tó ń pín lẹ́tà, rọra dúró lẹ́bàá òpó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà! Ẹ ti di káfíńtà. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ o, àwọn lẹ́tà Corey máa ń nípọn."

"Lẹ́tà ta?"

"Ti Corey. Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀." Ojú Roxanne yí padà. "Àbí ẹ ò rí wọn ni?"

"Èmi ńkọ́? Tí mo bá fi lẹ́tà síbẹ̀, tí mo gbé àsíá pupa rẹ̀ sókè kó o lè mọ̀ pé lẹ́tà wà láti mú lọ, ṣé o máa ń bá a?"

"Mi ò bá àsíá yín lókè rí lọ́dún yìí, mà."

Arlys dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ sí abà. Ojú fèrèsé ibẹ̀ kọ sí títì gan-an.

"Bàbá Corey."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Níbo lo kó wọn sí?"

Duane ò gbójú sókè. "Mo sun wọ́n. Nínú àgbá tá a ti ń jó ìdọ̀tí."

"O kà wọ́n?"

"Mi ò ṣí ìkankan."

"Tèmi náà ńkọ́?"

 "Mo sun wọ́n pọ̀ ni," ni Duane wí. "Ó pa ọmọ mi, Arlys."

"Ọmọ mi ni. Àwọn méjèèjì."

Arlys dúró kí inú bí òun. Inú ò bí i. Àyà rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú: ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Ó kó kọ́kọ́rọ́ àpótí tuntun náà lé orí tábìlì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó wà á lọ sí ìlú.

Milo ló wà lẹ́yìn káńtà nílé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ kíláàsì kan náà ni òun àti Arlys. Arlys ní òun fẹ́ gba àpótí lẹ́tà kan níbẹ̀.

"Àpótí tara ògiri níbí? Ìwọ tó o ní tojú títì! Kí lo fẹ́ fi méjì ṣe?"

"Mo fẹ́ ẹ ni, Milo."

Milo fa fọ́ọ̀mù jáde. "Orúkọ àwọn tó lè kó lẹ́tà níbẹ̀. Ìwọ àti Duane, àbí?"

"Èmi nìkan."

Ọkùnrin náà wò ó, ó tún wo fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́.

Arlys ra àpòòwé àti sítáǹpù. Ó yá bírò Milo, ó sì kọ̀wé lórí ìdúró níbẹ̀:

"Corey, ọmọ mi. Àdírẹ́sì mi tuntun nìyí. Mi ò rí ìkankan nínú ohun tó o kọ. Jọ̀ọ́, tún gbogbo rẹ̀ kọ sí mi, láti ìbẹ̀rẹ̀."