Wolé-wolé Kan Ilẹ̀kùn Ara Rẹ̀

Wolé-wolé ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí àwọn ará Takie bá ti rí káákì mi lọ́ọ̀ọ́kán, ẹni tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì á sáré ṣí i. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń pariwo fún wọn pé ilé tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀, àrùn ni yóò gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tèmi gan-an, n kò tó bẹ́ẹ̀ láti ṣí fèrèsé kan ṣoṣo, torí pé ìyá ìyàwó mi ti dé láti Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni Ṣùbòmí ìyàwó mi bí ọmọkùnrin. Ọjọ́ Ajé ni Màmá dé láti wá máa wẹ ọmọ, tòun ti àdògán eléèdú kan àti àpò èédú tí alásè lè fi se ìnáwó mẹ́ta. Kó tó mu omi, ó ti ti fèrèsé yàrá ọmọ pa. Ó fi ògì gbígbóná lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gbogbo àlàfo, ó ki òwú bọ ihò kọ́kọ́rọ́, ó wá daná èédú sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òtútù ò gbọdọ̀ fojú kan ọmọ òun.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iná èédú nínú yàrá títì ò ní jẹ́ kí ìyá àti ọmọ rí afẹ́fẹ́ gidi mí."

"Àlàmú, ṣé ìwọ lo bí Ṣùbòmí ni?"

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọn kì í bá àna jiyàn.

Alhaja Marufat, tó ń ta léèsì ní Takie, ló kọ́kọ́ wá kí wa. Ó ń ṣàdúrà fún ọmọ lọ́wọ́, kò tíì dé àmín tó fi sùn lọ lórí ìjókòó, tó ń hanrun. Nígbà tó jí, orí ń fọ́ ọ, àmọ́ inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tóun ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, pé àlàáfíà wà lára ọmọ náà. Lọ́jọ́ kejì ó mú ọkọ rẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, àwọn tí kì í rí oorun sùn ti ń wá láti Sábó, kálukú pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀. Èèyàn méje ni mo bá tó nà gbalaja nílẹ̀ yàrá ìyàwó mi lọ́sàn-án gangan. Wòlíì àdúgbò wa náà wá wò ó. Ó ní ọmọ ìtura ni, ó fẹ́ ríran síwájú sí i, oorun gbé e lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀rù bà mí dé egungun. Ṣùbòmí ò lè gbórí sókè, ọmọ ò sì jí muyàn láti àárọ̀. Mo ní kí n gbé wọn jáde, Màmá dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní bí ọmọ bá fi lè jáde kó tó di ọjọ́ kẹjọ, ìhòòhò lòun máa rìn dé Ọ̀yọ́. Ó ti di ìdí ìró mú.

Mo sáré wọ káákì, mo dé fìlà, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo yípo ilé, mo sì gbá ilẹ̀kùn iwájú gbàgbàgbà. "Wolé-wolé rèé o!"

Màmá ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí látòkè délẹ̀, káákì ló rí, kò rí Àlàmú, ó sì kúnlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rù wolé-wolé láti kékeré, ẹ̀rù náà ò sì tíì kúrò lára wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ má gbé mi lọ kóòtù. Ọkọ ọmọ mi ni ò mọ ilé tọ́jú."

"Ìjọba ní kí ẹ ṣí fèrèsé yẹn, kíá!"

"Mo ti ṣí i, sà."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ya ìwé ìròyìn náà. Mo gbé àdògán jù síta, mo lé àwọn olóorun jáde tìrọ̀rí tìrọ̀rí. Atẹ́gùn wọlé. Ṣùbòmí wúkọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà tó yanu, tó sì figbe ta. Omi bọ́ lójú mi.

Mo ké sí kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wọn lọ ọsibítù. Bí a ṣe ń dúró dè é, Màmá fà mí lápá ẹ̀wù.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ ọmọ mi gbọ́ o."

"Ẹ máa wí, màmá."

"Mo ti bí ọkùnrin kan kí n tó bí Ṣùbòmí. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà ọyẹ́ ni. Mo ti gbogbo ilé pa, mo daná èédú sí i lẹ́sẹ̀. Ó ń sùn wọ̀ọ̀, kò tiẹ̀ ké. Síbẹ̀, òtútù wọlé wá pa á mọ́ mi lọ́wọ́." Ó gbójú sókè wò mí. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kàwé. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá ihò náà. Ibo ló gbà wọlé?"

Mo mọ ìdáhùn náà; òun ni iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì tún fìlà mi dé dáadáa.

"Òtútù ọdún yẹn ló le jù, màmá," ni ìjọba wí. "Kò sóhun tẹ́ ẹ ṣe."